Ọlọ́run kọ́ lò ń bá sọ̀rọ̀ láago márùn-ún ìdájí yẹn

Àbúrò mi,

Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé n'Íbàdàn yẹn, ìdílé mẹ́rin lẹ jọ ń lo mítà kan ṣoṣo, ẹ jọ ń dáwó ra iná ni, iye kan náà ni kálukú ń dá, àmọ́ ìyá tó wà ní yàrá iwájú ń fi hot plate se ẹ̀wà ní kọ̀rọ̀, ìwọ tó jẹ́ pé gílóòbù méjì àti fáànù kan lo ní, iye tó ń san nìwọ náà ń san. O ò bá a sọ ọ́ torí Kristẹni ni ẹ́, o ní àlàáfíà lò ń lépa. Ó ti wá di oṣù mẹ́rin tẹ́ ẹ ò kíra yín, o ò sì rí oorun sùn mọ́. O ní kí n bá ẹ gbàdúrà.

Màá gbà á o. Ṣùgbọ́n o sáré kọjá ibì kan nínú lẹ́tà yẹn, níbi tó o ti ní láràárọ̀ láago márùn-ún lo máa ń dìde gbàdúrà "sókè dáadáa" lòdì sí àwọn ọ̀tá ilé. Ògiri yàrá sí yàrá, ta ló ń gbọ́ ẹ? Ọlọ́run kì í ṣe adití. Láyé àwọn ìyá wa, orin òwe ni wọ́n máa ń kọ síra wọn lẹ́yìnkùlé, ìwọ wá fi "lórúkọ Jésù" parí tìẹ, orin òwe náà ṣì ni. Mi ò bá ẹ jà o, èmi náà ti ṣe é rí, nígbà tí mò ń gbé ní Mushin, ọ̀rọ̀ okùn ìsáṣọ lásán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi Sáàmù 35, àdúrà lòdì sí ọ̀tá yẹn, pa obìnrin olóbìnrin.

Hébérù 12:14 tó o kọ, tó ní ká máa lépa àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo èèyàn, wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀: lépa. Ohun tó bá ń sá lèèyàn ń lé, ẹni tó ń lé nǹkan á sì làágùn. Kéèyàn tilẹ̀kùn mọ́rí kó máa di kùnrùngbùn, ṣé ìyẹn nìlépa?

Ísáákì tá a máa ń sọ pé ó níwà tútù, tí wọ́n jà kànga gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó sì lọ gbẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ wa kì í ka Jẹ́nẹ́sísì 26 yẹn dópin. Nígbà tí Ábímélékì, ọba tó lé e lọ, àtàwọn èèyàn ẹ̀ wá bá a, ohun tí Ísáákì kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé kí lẹ tún wá ṣe lọ́dọ̀ mi, ṣebí ẹ kórìíra mi lẹ ṣe lé mi lọ. Ojú ẹ̀ ló sọ ọ́ sí! Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló wá se àsè fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n mu, ilẹ̀ mọ́, wọ́n búra fúnra wọn. Ó sọ tinú ẹ̀, ó sì tún gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ìwọ o ò tíì ṣe ìkankan.

Torí náà, Sátidé yìí, tí gbogbo ilé bá ti fọṣọ tán, lọ kanlẹ̀kùn ẹ̀. Kúnlẹ̀ kí i, ó jù ẹ́ lọ. Má mú Bíbélì dání. Má sì sọ pé ó ń jí iná, torí owó tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìṣirò ni kó o bá a ṣe: hot plate 1,000 watts, tó bá wà lórí iná fún wákàtí kan, yúnìtì kan ti lọ nìyẹn, ẹ̀wà wákàtí méjì sì ti di yúnìtì méjì, fáànù 60 watts máa lò ju wákàtí 16 lọ kó tó jẹ yúnìtì kan. Lẹ́yìn náà ni kó o ní ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá lándílọ́ọ̀dù, kí kálukú ní mítà kékeré tiẹ̀. Bóyá owó gáàsì ló sì ká ìyá yẹn mọ́, o ò béèrè rí.

Tó bá gbaná jẹ ńkọ́? Pọ́ọ̀lù náà mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ló ṣe fi "bí ó bá ṣeé ṣe" ṣáájú nínú Róòmù 12:18. Ṣe é débi tí agbára ẹ mọ. Tí lándílọ́ọ̀dù náà ò bá dá sí i, tówó bá sì wà lọ́wọ́ ẹ, kó lọ síbòmíì, Ísáákì náà kó.

Ní ti àdúrà aago márùn-ún, máa gbà á lọ, àmọ́ dín ohùn ẹ kù. Títí di Sátidé, máa dárúkọ ìyá yẹn sí rere, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀. Kó o sì kọ̀wé padà sí mi o, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó sọ nípa hot plate yẹn.