Ẹ bi wá: Prógíráàmù mi ò gbà nínú ráútà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ níbí lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń sin ẹja àrọ̀. Mo kọ prógíráàmù C kan tó ń wo bí omi ẹja ṣe gbóná sí, inú ráútà àtijọ́ kan tó ń lo Linux ni mo fẹ́ fi sí, àmọ́ 4 MB ni gbogbo àyè ẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Dietlibc, láíbìrì C kékeré tí kì í gba àyè, ni mo lò, síbẹ̀ ó ṣì fi díẹ̀ tóbi jù. Kí ni kí n ṣe? Ọmọ Ẹ̀pẹ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú akitiyan. Dietlibc tó o mú yẹn dáa, Felix von Leitner ará Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ohun tó o bá pè nìkan ló sì máa ń bá ẹ wọlé. Printf, fọ́ńṣọ̀n tó ń tẹ ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà jáde, gan-an ni ìṣòro. Tó o bá ti pè é lẹ́ẹ̀kan péré, tẹrùtẹrù ló ń wọlé bí ìyàwó tuntun, títí kan kóòdù tó ń tẹ nọ́ńbà tó ní pọ́ìntì, kódà kó o má lo %f, àmì tó ń pe kóòdù yẹn, rárá.

Ṣí dietfeatures.h nínú sọ́ọ̀sì dietlibc, wá WANT_FLOATING_POINT_IN_PRINTF, fi /* */ pa láìnì yẹn, kó o ṣe bákan náà fún ti SCANF, tó ń ka nǹkan wọlé. Wá ṣe make clean kó o tó make, jọ̀ọ́ má fo clean yẹn o, torí àwọn fáìlì .o àtijọ́ tó ti kọ́mpáìlì tẹ́lẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ kó o máa rò pé nǹkan ti yí padà. Lẹ́yìn náà tún prógíráàmù ẹ kọ́mpáìlì pẹ̀lú -Os tó ń jẹ́ kó kéré, strip ẹ̀ kí àwọn orúkọ tí kò wúlò kúrò nínú ẹ̀, kó o fi size wo bí ti tẹ́lẹ̀ àti tuntun ṣe tóbi tó.

Àmọ́ %f ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Kò burú, tó bá jẹ́ DS18B20, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná, lo lò, t=27500 ni Linux máa fún ẹ fún 27.5, int ni, nọ́ńbà tí ò ní pọ́ìntì, kí ló wá kàn ẹ́ pẹ̀lú float? Tẹ̀ ẹ́ ní "%d.%d", fún un ní t/1000 àti t%1000/100, ó parí.

WANT_THREAD_SAFE náà, tí o ò bá lo pthread, tó ń jẹ́ kí prógíráàmù kan ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀, pa á. Ṣùgbọ́n WANT_SSP, mo bẹ̀ ẹ́, fi sílẹ̀, òun ló ń ṣọ́ stack ẹ, ìyẹn ibi tí prógíráàmù ń kó nǹkan sí fúngbà díẹ̀ nínú mẹ́mórì, ráútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe ibi téèyàn ti ń fi ààbò ṣeré nítorí KB díẹ̀. Tó bá ṣì tóbi, yọ printf kúrò pátápátá, kó o fọwọ́ ara ẹ sọ nọ́ńbà di lẹ́tà, kó o fi write gbé e jáde.