Ìgbà wo ni Ṣáínà kọ́kọ́ lọ sí Òlíńpíìkì, kí ló sì fa wàhálà tó bá a rìn?

Tó bá jẹ́ Ṣáínà ti Beijing tòní lo ní lọ́kàn, Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland ni, lọ́dún 1952. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì díje.

Ìjọba méjì ló ń pe ara rẹ̀ ní Ṣáínà nígbà náà: ti Mao ní Beijing, àti ti Chiang Kai-shek tó ti sá lọ sí Taiwan. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì tó gbà pé kí àwọn méjèèjì máa bọ̀. Taiwan bínú, wọn ò lọ mọ́. Àwọn ti Beijing gbéra lóòótọ́, àmọ́ 29 Oṣù Keje ni wọ́n gúnlẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí eré ti bẹ̀rẹ̀! Ikọ̀ bọ́ọ̀lù wọn kàn wá wòran ni. Wu Chuanyu, òmùwẹ̀ tí wọ́n bí ní Indonesia, nìkan ló rí àyè bọ́ sómi, nínú ìwẹ̀ 100 mítà tí wọ́n máa ń fẹ̀yìn lé omi wẹ̀. Kò kọjá ìpele àkọ́kọ́.

(Tó bá jẹ́ orúkọ Ṣáínà lásán, ó ti wà níbẹ̀ láti 1932, Liu Changchun, sárésáré kan, nìkan ló sì díje nígbà yẹn náà.)

Ọ̀rọ̀ Taiwan yìí ò tán síbẹ̀. Ní 1958, Beijing fi ìbínú kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó di 1984, ní Los Angeles, kí Xu Haifeng tó fi ìbọn yíyìn gba wúrà àkọ́kọ́ fún wọn.