Bí GPS bá dákẹ́ lójú ọ̀run ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọkùnrin mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù kékeré. Nígbà tó wálé sí Iléṣà, ó fi tábúlẹ́ẹ̀tì tó fi ń mọ̀nà hàn mí. Mo ní bí ìyẹn bá kú lókè ńkọ́, ó ní òun ní fóònù lápò. Ṣé ìyẹn tó? Kí ni kí n rà fún un?

Ìdáhùn: Kò tó o, Màmá. Bí bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì bá tán, fóònù lè gbà á sílẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ohùn sátẹ́láìtì kan náà, tí wọ́n ń pè ní GPS, ni àwọn méjèèjì fi ń mọ̀nà. Ibi tó ju 20,000 kìlómítà lọ lókè ni ohùn náà ti ń bọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, agbára rẹ̀ á ti kéré gan-an. Ẹ̀rọ kékeré tó bá ń pariwo lórí ìgbì yẹn á bò ó mọ́lẹ̀. Níhìn-ín tí a sún mọ́ agbedeméjì ayé, a tún ní tiwa: bí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní nǹkan bí oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, ibi tí wọ́n ń pè ní ionosphere lókè lọ́hùn-ún, tí ohùn náà ń gbà kọjá, máa ń dàrú, ohùn náà á wá máa ṣẹ́jú bí iná àtùpà nínú atẹ́gùn.

Bó bá dákẹ́ pátá, awakọ̀ á ṣáà mọ̀. Irọ́ ni mo bẹ̀rù jù. Ẹnìkan lè gbé ohùn ayédèrú jáde, àwòrán bàálù á máa rìn jẹ́jẹ́ lórí máàpù, bàálù gan-an á sì wà níbòmíràn.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún rédíò bàálù ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ifẹ̀ níbí. VOR tí a ń lò nígbà yẹn ṣì wà: orí ilẹ̀ ló ti ń fọhùn, ẹ̀rọ inú bàálù á sì sọ apá ibi tí awakọ̀ wà sí i. Bó bá fò nílẹ̀ jù, òkè á dínà mọ́ ọn. Àwọn bàálù ńlá ní inertial, ẹ̀rọ tó ń fi bí bàálù ṣe ń sáré tó sì ń yí mọ ibi tó dé, tí kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni rárá; owó yẹn kọjá tiwa.

Kọ́ńpáàsì, aago àti máàpù bébà ni ti ọmọ yín. Ká ní ó gbéra lókè Ifẹ̀, tó kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, tó ń sá 185 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án bá pé, tí afẹ́fẹ́ kò sì tì í, Iléṣà ló yẹ kó wà nísàlẹ̀. Kó wá wo títì àti odò, bóyá wọ́n bá máàpù mu. Nígbà ọyẹ́, eruku lè bo gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ní kó má gbéra, kó má bínú.

Torí náà, máàpù bébà tí kò tíì gbó, pẹ́ńsù, rúlà àti aago ọwọ́ ni kí ẹ rà. Lẹ́yìn náà, kó bẹ olùkọ́ rẹ̀ pé bí wọ́n bá jọ wà lókè, kó máa pa tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ ọn lójú lójijì. Fóònù ní tirẹ̀, kó fi pè yín tó bá ti balẹ̀.