Ọmọ SS2 tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà: ohun tí ẹ lè ṣe láti Leeds

Ẹ kú àárò ọmọ, mà. Ẹ ní ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 15, wà ní SS2 n'Ìbàdàn lọ́dọ̀ ìyá yín, pé bàbá rẹ̀ ti dolóògbé, pé físà iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà lẹ fi dé Leeds lọ́dún tó kọjá. Èmi náà fi ọmọbìnrin mi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ yan àgbàlagbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dé ilé ìwé. Ìyá àgbà lè máa tọ́jú oúnjẹ, ṣùgbọ́n tí orúnkún bá ń dùn wọ́n, wọn ò ní lè máa lọ sípàdé àwọn òbí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, kí orúkọ àti nọ́ńbà ẹni náà wà níbẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà páṣípọ́ọ̀tù yín mọ́ ọn. Ẹ tún kọ irú rẹ̀ fún ọsibítù, kí jẹ́nótáìpù ọmọ wà nínú rẹ̀. Òru ọjọ́ kan ni inú ń run ọmọ mi, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n ní kí òbí wá fọwọ́ síwèé. Ìyá mi ò mọ̀ bóyá àwọn lè fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, fóònù mi wà nínú lọ́kà. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi pè mí. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n àyà mi ṣì ń já tí mo bá rántí.

Orúkọ ló tún kù, ibẹ̀ ló sì máa ń há ọ̀pọ̀ ènìyàn. Inú NIN ni JAMB ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ, ẹ ò lè yí i níbi ìforúkọsílẹ̀. Bí ìwé ìbí tí NPC, àjọ ìkànìyàn, fún un bá ní Olúwaṣeun, tí NIN ní Ṣeun, ẹ jẹ́ kí NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, tún un ṣe nísinsìnyí tó ṣì wà ní SS2, kí ilé ìwé tó kọ orúkọ rẹ̀ fún WAEC. Ọjọ́ ìbí ló máa ń le jù láti tún ṣe. Síìmù tó bá sì fi ṣe JAMB, kó má yá ẹnikẹ́ni.

Ẹ má fi páṣípọ́ọ̀tù falẹ̀. Ọlọ́dún márùn-ún nìkan ni wọ́n ń fún ẹni tí kò tíì pé 18, ₦100,000 ni láti oṣù kẹsàn-án 2025. Wọ́n á béèrè lẹ́tà ìyọ̀ǹda yín, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì máa lọ tẹ̀ka. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024 ni UK ò ti jẹ́ kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba irú físà yín mú ọmọ wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bọ́ sórí físà míì tó gba ọmọ, bíi ti nọ́ọ̀sì, kí ọmọ yín tó pé 18, ẹ lè béèrè fún un. Ẹ wá ìwé ẹ̀rí ikú bàbá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á béèrè ibi tí bàbá náà wà.

Owó ilé ìwé, àkáǹtì ilé ìwé ni kẹ́ ẹ san án sí, kì í ṣe ti ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ò jìnnà sílé ìwé kankan mọ́. Ẹ ní kí wọ́n ya rìsíìtì ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Kí ẹ sì máa pe òun nìkan, lórí fóònù tirẹ̀, nígbà tí ìyá àgbà ò sí nítòsí. Tèmi máa ń sọ pé "kò sí nǹkan, mọ́mì" níwájú ìyá mi. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwa méjì péré, ló tó sọ pé olùkọ́ ìṣirò ti ń lé òun jáde láti oṣù méjì, nítorí ìwé tí mo rò pé wọ́n ti rà.