Ojú ń tì mí láti ní kí bọ́ọ̀sì dúró: ṣé kí n kó ìrun jọ di alẹ́?

Ìbéèrè: Às-sàlámù àlékùm, Àáfà wa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, àmọ́ Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń kàwé báyìí. Ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkè òkun wá fẹ́ lọ sí Edinburgh, ní Scotland, lópin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kejìlá. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni bọ́ọ̀sì máa gbéra, alẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa padà. Àwa Mùsùlùmí ò pọ̀ nínú wọn, ojú sì ń tì mí láti ní kí wọ́n dúró dè wá ká kírun. Mo rò pé kí n kúkú kó gbogbo ìrun ọjọ́ náà jọ, kí n wá kí i tí a bá dé ibi tí a máa sùn. Ṣé ó tọ́? Jímọ̀ ńkọ́? Wọ́n tún fi ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọtí wisikí sínú ètò ọjọ́ Sátidé.

Ìdáhùn: Wa àlékùmù sàlámù, ọmọ mi. Kí Ọlọ́hun mú yín lọ, kó mú yín bọ̀ láyọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn. Kíkó Àílà, Àlàásárì, Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì jọ di alẹ́ kò tọ́, ìyẹn kì í sì í ṣe ìrọ̀rùn tí wọ́n fún arìnrìn-àjò. Wo bí ọjọ́ ṣe kúrú tó lọ́hùn-ún: nínú oṣù Kejìlá, oòrùn Edinburgh ti máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọ̀nà yẹn lé ní 400 kìlómítà. Bí ẹ bá gbéra láago mẹ́sàn-án, tí ẹ sì dúró jẹun, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti máa ṣú kí ẹ tó wọ̀lú. Àílà á ti lọ, Àlàásárì á ti lọ, ìwọ á ṣì jókòó nínú bọ́ọ̀sì, o ò sùn, o ò sì gbàgbé. Ọlọ́hun sọ nínú Súrátù Nisáì, āyah 103, pé ọ̀ranyàn tí a fi àsìkò sí ni ìrun jẹ́ fún àwọn onígbàgbọ́.

Nínú súrà yẹn kan náà, āyah 101, ni ohun tí ò ń wá wà: kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún yín láti dín ìrun kù nígbà tí ẹ bá ń rìn lórí ilẹ̀. Āyah náà mẹ́nu ba ìbẹ̀rù ọ̀tá, nítorí náà Ya'la ọmọ Umayyah, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, bi Sayyidina Umar pé ọkàn àwọn ti balẹ̀ báyìí ńkọ́. Umar ní ó ya òun náà lẹ́nu, òun sì bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó ní sàárà ni Ọlọ́hun fi ta yín lọ́rẹ, kí ẹ gba sàárà Rẹ̀. Ìmáàmù Muslim, tó kó hadíìsì jọ, ló gbà á wá. Ọmọ mi, ta ni Ọlọ́hun á na sàárà sí tí á ní òun ò gbà, tí á wá lọ gbé gbèsè ìrun mẹ́rin sọ́rùn lálẹ́?

Nínú ìlànà Máálíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin ẹ̀sìn wa, tí àwa ń tẹ̀ lé níbí, máìlì 48 ni ìrìn tí wọ́n ń torí rẹ̀ dín ìrun kù. Kútọ̀ sí Láfẹ́nwá nínú Abẹ́òkúta kì í ṣe ìrìn-àjò, ti yín kọjá rẹ̀ fíìfíì. Bí ẹ bá ti jáde kúrò láàárín ilé Birmingham, Àílà di rákà méjì, Àlàásárì méjì, Ìṣáì méjì. Mọ̀gàríbì àti Àsùbá wà bí wọ́n ṣe wà. Ẹ ò pète láti gbé Edinburgh tó ọjọ́ mẹ́rin, nítorí náà arìnrìn-àjò lo jẹ́ títí ẹ ó fi padà délé. Àmọ́ bí o bá kírun lẹ́yìn Ìmáàmù tó jẹ́ onílé níbẹ̀, mẹ́rin tó bá kí ni ìwọ náà á kí.

O sì lè pa méjì pọ̀. Mu'adh ọmọ Jabal ròyìn pé ní ìrìn-àjò Tàbúkù, Ànábì pa Àílà pọ̀ mọ́ Àlàásárì, ó sì pa Mọ̀gàríbì pọ̀ mọ́ Ìṣáì. Òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ láì sinmi ìṣẹ́jú 45. Ẹ ó dúró, o fẹ́ o kọ̀. Ohun tí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ìdúró náà bọ́ sí nǹkan bí aago méjìlá àbọ̀, nígbà tí oòrùn á ti yẹ̀ àtàrí. Rákà méjì, kí o sálámà, rákà méjì mìíràn, ó parí. Bí àwọn yòókù bá ń ra kọfí, ẹ wá ẹ̀gbẹ́ kan tó mọ́, ẹ tẹ́ aṣọ, ẹ kọjú sí gúúsù ìlà-oòrùn, nítorí ibẹ̀ ni Kaaba wà sí yín lọ́hùn-ún. Má kí ìrun ọ̀ranyàn lórí àga bọ́ọ̀sì nígbà tí o rí ilẹ̀ dúró sí. Nọ́fílà, ìrun tí kì í ṣe ọ̀ranyàn, ni Ànábì máa ń kí lórí ràkúnmí.

Ti àlùwàlá, ṣe é nílé kí o tó jáde, kí o sì wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ lé e. Sayyidina Ali gbà á wá pé Ànábì fún arìnrìn-àjò ní ọ̀sán mẹ́ta àti òru wọn láti máa fi ọwọ́ tútù pa á. O ò ní nílò láti máa gbé ẹsẹ̀ sínú básíà ìfọwọ́ lójú àwọn èèyàn.

Mo mọ̀ pé ìtìjú yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní gáréèjì Kútọ̀, èèyàn á gbé bútà, á ká ṣòkòtò sókè, á ṣàlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, dẹ́rẹ́bà á kàn ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá." Lọ́hùn-ún, ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé òun nìkan ni gbogbo ayé ń wò. Ànábì ní bí ẹni mẹ́ta bá jáde lọ sí ìrìn-àjò, kí wọ́n fi ẹnì kan ṣe olórí. Abu Dawud gbà á wá. Ẹ̀yin díẹ̀ yẹn, ẹ yan ẹnì kan, kí ó lọ bá olórí ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kó má di inú bọ́ọ̀sì. Kò dá mi lójú pé ìwọ nìkan lojú ń tì nínú wọn.

Jímọ̀ kì í ṣe ọ̀ranyàn lórí arìnrìn-àjò, Àílà lo máa kí. Lọ́dọ̀ àwa Máálíkì, a kórìíra kí èèyàn gbéra lẹ́yìn Àsùbá ọjọ́ Jímọ̀ láìnídìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ká ní ẹ̀yìn ìgbà tí oòrùn yẹ̀ àtàrí ni wọ́n fẹ́ lọ ni, ǹ bá ní kí o kọ́kọ́ kí Jímọ̀.

Ibi ọtí yẹn, má bá wọn dé ibẹ̀, kódà ká ní o kàn fẹ́ wòran. Ànábì ní ẹni tó bá gba Ọlọ́hun àti Ọjọ́ Ìkẹyìn gbọ́ kò gbọdọ̀ jókòó sídìí oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé ọtí kiri. Ilé olódi Edinburgh wà lórí àpáta láàárín ìlú, ọmọ Olúmọ á gbádùn rẹ̀. Mọ́sálásí ńlá wọn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1998, wà ní Potterrow, ẹ lè kí Àílà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí bọ́ọ̀sì bá dúró lọ́nà lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, kí Mọ̀gàríbì mẹ́ta, kí o pa Ìṣáì méjì pọ̀ mọ́ ọn. Bí o ò bá tíì kí Ìṣáì tí ẹ fi wọ Birmingham, mẹ́rin ni kí o kí.