Ìbéèrè Yín Lórí Bọ́ọ̀lù: Ta Ló Fa Ìwólulẹ̀ Man United?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa, àwọn kan ní ìdílé Glazer, tó ni Man United, ló jẹ̀bi bí ẹgbẹ́ náà ṣe wó lulẹ̀, àwọn kan ní àwọn kóòṣì ni. Bàbá kan tilẹ̀ ní Ferguson, kóòṣì wọn tẹ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ ni, pé arúgbó ló kó sílẹ̀ lọ. Ta ni ká gbà gbọ́? (Òǹkàwé láti Òṣogbo)

Gbogbo wọn ló rí nǹkan kan, àmọ́ ẹ̀bi náà kò dọ́gba. Ferguson fi póìǹtì 11 ju Manchester City lọ nígbà tó gba líìgì ọdún 2013, ó sì fẹ̀yìn tì. Lóòótọ́ ni ẹgbẹ́ náà ti ń dàgbà jù: Giggs jẹ́ ọmọ ọdún 39, Ferdinand 34, Evra 32, Vidic 31. Gólì 26 tí Van Persie gbá wọlé ní líìgì lọ́dún náà kò jẹ́ kí àwọn èèyàn rí i bí àárín pápá ṣe ṣófo tó. Ìpín ti Ferguson nìyẹn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó ní owó United lè rọ́pò àgbà mẹ́rin láàárín sáà méjì.

Ohun tó dá egbò náà sílẹ̀ gan-an ni pé David Gill, tó ń bójú tó dúnàádúrà agbábọ́ọ̀lù, kúrò nípò lọ́dún kan náà. Ed Woodward, tó mọ okòwò àti ìpolówó dáadáa, ló gba iṣẹ́ náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Fellaini. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Everton gbà pé ẹgbẹ́ tó bá san nǹkan bí 23.5 mílíọ̀nù pọ́un kí oṣù keje tó parí lè mú un lọ. United jẹ́ kí ọjọ́ kọjá, wọ́n wá san 27.5 mílíọ̀nù lọ́jọ́ tí ọjà ń padé. Mílíọ̀nù mẹ́rin lọ lásán, òun nìkan sì ni agbábọ́ọ̀lù gbòógì tí Moyes, kóòṣì tó rọ́pò Ferguson, rí gbà nínú ọjà yẹn. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n ti lé Moyes.

Láti ìgbà náà títí di oṣù kẹta ọdún 2021 tí wọ́n yan John Murtough, United kò ní olùdarí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kankan. Ibẹ̀ ni àwa fi ìka sí. Níbi tí kò bá ti sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kóòṣì tó bá dé ló máa kọ orúkọ àwọn tó fẹ́, bó bá sì lọ, àwọn tó rà yóò máa wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò nílò wọn. Kóòṣì Van Gaal ra Di Maria ní nǹkan bí 59.7 mílíọ̀nù lọ́dún 2014. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi tà á fún PSG, wọ́n sì pàdánù lórí rẹ̀. Lọ́dún 2018, kóòṣì Mourinho ń bèèrè agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, wọn kò rà á. Wọ́n lé e ní oṣù kejìlá, wọ́n wá ra Maguire ní 80 mílíọ̀nù fún ẹlòmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e!

Ẹ̀gbọ́n, àwọn Glazer kò fún kóòṣì lówó, òun ló fà á. Kí lẹ tún ń wá kiri? (Òǹkàwé láti Ìlọrin)

Àbúrò wa, ẹ yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò nínú ara wọn. Gbèsè jẹ́ òótọ́. Nǹkan bí 790 mílíọ̀nù pọ́un ni wọ́n fi ra United lọ́dún 2005, èyí tó lé ní 500 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ owó yíyá, ọrùn ẹgbẹ́ náà gan-an ni wọ́n sì gbé gbèsè ọ̀hún kọ́. Èlé, owó iṣẹ́ báńkì àti èrè tí wọ́n ń pín ti kó ju bílíọ̀nù kan lọ láti ìgbà náà. Ọdún 2006 ni wọ́n fẹ Old Trafford, pápá ìṣeré wọn, gbẹ̀yìn. Ní oṣù karùn-ún 2024, nígbà tí Arsenal wá, òjò ń dà láti òrùlé bí ìgbà tí omi bá ń já láti orí àpáta.

Ṣùgbọ́n wọ́n ná owó lórí agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ra Pogba ní 89 mílíọ̀nù, Lukaku 75, Sancho 73, Antony tó 82. Pogba lọ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2022. Chelsea tó yá Sancho yàn láti san mílíọ̀nù márùn-ún owó ìtanràn dípò kí wọ́n rà á pátápátá. Owó wà, ẹni tó lè díye lé ọjà ni kò sí.

Ẹ má sì yọ Ratcliffe sílẹ̀, ẹni tó ra ìpín 27.7 nínú ọgọ́rùn-ún United ní oṣù kejì 2024, tó sì gba ìdarí bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi kún àdéhùn kóòṣì Ten Hag ní oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n lé e ní oṣù kẹwàá. Dan Ashworth, olùdarí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, dé ní oṣù keje, ó lọ ní oṣù kejìlá. Kóòṣì Amorim wá dé ní àárín sáà pẹ̀lú ètò ẹ̀yìn ẹlẹ́ni mẹ́ta tí wọn kò tíì ra ẹnikẹ́ni fún. Ipò 15 ni sáà 2024/25 parí sí, póìǹtì 42 péré, Tottenham sì tún fi 1-0 gba Europa League mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Bilbao.

Kí ló dé tí wọ́n ta McTominay? Ọmọ ilé ni! (Òǹkàwé láti Adó-Èkìtì)

Ìṣirò ló tà á. Nínú ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́, wọ́n máa ń pín owó agbábọ́ọ̀lù sí iye ọdún àdéhùn rẹ̀. Antony: 82 mílíọ̀nù fún ọdún 5 jẹ́ 16.4 lọ́dún kan. Lẹ́yìn ọdún 3, ó ṣì ku 32.8. Nígbà tí Real Betis rà á ní nǹkan bí 22 mílíọ̀nù lọ́dún 2025, àdánù tó tó mílíọ̀nù 11 ni. Ní ti McTominay, ilé ẹ̀kọ́ United ló ti dàgbà, òdo ni iye rẹ̀ nínú ìwé, torí náà nǹkan bí 25 mílíọ̀nù tí Napoli san ní 2024 jẹ́ èrè látòkè délẹ̀. Òfin Premier League nígbà yẹn kò sì gba àdánù tó bá kọjá 105 mílíọ̀nù láàárín ọdún 3. Napoli gba líìgì Ítálì ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù. Owó gọbọi tí wọ́n fi ra Antony ló ta McTominay.

Ẹ fi Òyìnbó sílẹ̀, 3SC wa ńkọ́? (Òǹkàwé láti Ìbàdàn)

Ó dùn wá pẹ̀lú yín. Shooting Stars (3SC), ẹgbẹ́ tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1976 àti 1992, tó gba líìgì Nàìjíríà nígbà márùn-ún, tí ìkẹyìn jẹ́ 1998, já sí ìpele kejì ní 2017, kò padà títí di 2021. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ín, ìṣòro rẹ̀ kì í sì í ṣe ti Glazer: ẹgbẹ́ tó bá gbára lé owó ìjọba máa ń yí alákòóso padà bí gómìnà bá yí padà. Bí ẹ bá ráyè bá wọn ṣèpàdé, ẹ má bèèrè orúkọ kóòṣì. Ẹ bèèrè ẹni tó ń yan agbábọ́ọ̀lù, iye ọdún tí àdéhùn wọn jẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n san owó oṣù kẹ́yìn.