Ìgò Tó Ń Pe Ọkọ́ Ní Ọkọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo bu omi sí ìgò bíà, mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àmì ohùn: dò, re, mí. Mo fun ún bíi fèrè, "ọkọ́" ló jáde geerege. Àfi bí ọmọ kan ṣe mú ṣíbí, tó fi kan àwọn ìgò kan náà, tẹ̀ léra bí mo ṣe fun wọ́n, ló bá di "ọkọ̀". Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí ló dé? (Tíṣà, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ má bá ọmọ yẹn wí. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ̀ ń gbọ́. Tí ẹ bá fun ìgò, afẹ́fẹ́ ló ń dún: èyí tó wà lọ́rùn ìgò ń ta sókè sódò lórí èyí tó wà níkùn, bí ọmọ tó ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì oní-sípíríǹgì. Omi pọ̀, àyè afẹ́fẹ́ kéré, sípíríǹgì le, ohùn ròkè. Tí ẹ bá fi ṣíbí kàn án ńkọ́? Ara ìgò gan-an ló ń gbọ̀n, omi sì di ẹrù sí i lára. Bí ẹrù ṣe ń pọ̀ ni gbígbọ̀n rẹ̀ ń falẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. Mí yín di dò, dò di mí, re nìkan ló dúró sí àyè rẹ̀. Bí ọkọ́ ṣe di ọkọ̀ nìyẹn. Igbá náà á di igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìgbá dán an wò, torí ohun tó máa jáde, ohùn òkè ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, fáwẹ̀lì olóhùn òkè kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Kó lè yọ dáadáa, ẹ wá ìgò 60cl mẹ́ta tó jẹ́ irú kan náà. Ọ̀kan ṣófo: dò. Ẹ da 30cl sí ìkejì fún re, 45cl sí ìkẹta fún mí. Píọ̀ wọ́tà kan àtààbọ̀ ti tó. Ẹ ṣàkíyèsí pé afẹ́fẹ́ ń dín sí ìdajì nígbà kọ̀ọ̀kan, torí kí ohùn tó lè gòkè ní ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Tó bá jẹ́ orin lẹ fẹ́ kọ, èyí ti jìnnà síra jù; ẹ lo nǹkan bíi 12cl àti 21cl, kí ẹ wá máa fi ṣíbí bù ú sí i tàbí bù ú kúrò títí etí á fi gbà á.

Ètè ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ti etí ìgò, kí èémí kọjá lórí ẹnu rẹ̀. Bó bá wọnú tààrà, "fùùù" lásán lẹ máa gbọ́. Tó bá di kíkàn, ẹ gbé ìgò sórí aṣọ tí wọ́n ká, ẹ má dì í mú. Ọwọ́ ń pa ohùn.

ÌBÉÈRÈ: Jẹnẹrétọ̀ wa àti ti ìyá ilé kejì, irú kan náà ni. Tí méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, ariwo wọn á máa lọ, á máa bọ̀: wọ̀n-ùn, wọ̀n-ùn. Àwọn ọmọ ní wọ́n ń bú ara wọn ni. (Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: "I better pass my neighbour" tó ń mu pẹtiróòlù pò mọ́ ọ́ìlì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí tiyín bá ń yí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń dún nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ti Ìyá bá ń yí 2,880, 48 ni tiwọn. Bí dídún méjèèjì bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo á ga; bí wọ́n bá yapa, á lọ sílẹ̀. 50 yọ 48, ó ku 2: wọ̀n-ùn méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ṣàdédé di mẹ́rin, Ìyá ti tan fíríìjì. Ẹrù dé, ẹnjìnnì wọn rọ̀ sí 46. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ tan fíríìjì tiyín, tí ẹnjìnnì yín rọ̀ sí 48 bíi tiwọn, wọ̀n-ùn á pa lẹ́nu mọ́. Ẹ má torí ìyẹn yí sukúrù ìsáré ẹnjìnnì o. Bó bá sáré jù, iná á ga, gílóòbù á jó.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi dúró síwájú àpáta Olósùnta, ó pariwo: "Èmi kì í ṣe ọ̀lẹ!" Àpáta ní: "Ọ̀lẹ!" Látàná ló ti ń bínú. (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Bíi 70 mítà ló dúró sí. Ohùn ń rin nǹkan bíi 345 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹnu wa sì ń sọ bíi sílébù márùn-ún láàárín àkókò yẹn. Èyí tó kọ́kọ́ padà, ariwo òun fúnra rẹ̀ ló bò ó. Méjì tó kẹ́yìn ló gbọ́. Sílébù kan ń fẹ́ bíi 35 mítà, gbólóhùn rẹ̀ sì jẹ́ méje, nítorí náà kó fà sẹ́yìn dé 245 mítà, kó sì pariwo gan-an. Bí kò bá lè rìn tó bẹ́ẹ̀, kó dúró sí ibi tó wà, kó ní: "Ọ̀lẹ kọ́ ni mí!" Àpáta á fèsì: "Ni mí!"